Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú sandfly láìsí iná?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣèwádìí oyè kejì. Fáírọ́ọ̀sì Toscana ni mo ń wá nínú sandfly, kòkòrò tó kéré ju ẹ̀fọn lọ. Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún lọ́dún 1971. Ó máa ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú. Pańpẹ́ oníná tí mo dẹ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ewúrẹ́ ní Mọ́níyà ti mú díẹ̀. Àmọ́ RNA, ìyẹn èròjà àbùdá fáírọ́ọ̀sì tí mo ń wá, kì í pẹ́ bàjẹ́. Mo lo yìnyín, gósíló Ọjọ́ọ̀ yọ́ ọ dànù. Fìrísà wà, ṣùgbọ́n iná ńkọ́? (Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.) Mo ronú kan ethanol (irú ọtí kan tí wọ́n ń lò ní láàbù), ọkàn mi ò balẹ̀.

Kí ni kí n rì wọ́n sí fún ọjọ́ mẹ́rin láìlo fìrísà? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.