Dráífà ẹ̀rọ orin yín: inú kernel ni àbí userspace? Dráífà ni ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀; kernel ni ọkàn ètò kọ̀ǹpútà; userspace ni ibi tí àwọn ètò yòókù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Akin: Ẹ̀rọ orin kan wà lọ́wọ́ mi nígbà kan tí dráífà rẹ̀ wà nínú kernel. Bí wáyà USB bá yọ nígbà tí orin ń wọlé, ètò tó ń dà á sí i á gan síbẹ̀. Kò gbọ́ àṣẹ kill tí a fi ń pa ètò, kò gbọ́ kill -9 tó le jù ú lọ. Àfi kí n pa kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣí sílẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ sórí ètò tó ń lo libusb (àkójọ kóòdù tó ń bá ẹ̀rọ USB sọ̀rọ̀ láti userspace), wáyà ṣì ń yọ o, ṣùgbọ́n ètò yẹn nìkan ló ń kú. Mo á tún un pè, orin á máa lọ.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni, Bọ̀dá Akin. Ẹ wo Rio 500, ẹ̀rọ orin MP3 tó jáde ní 1999. Wọ́n kọ dráífà rẹ̀ sínú kernel Linux, àwọn tó ni ẹ̀rọ náà sì ti pa dráífà yẹn tì láti nǹkan bí 2001, torí userspace ti tó wọn. Síbẹ̀, 2019 ni Bastien Nocera, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù Linux, tó yọ ọ́ kúrò, nínú Linux 5.4. Gbogbo ọdún yẹn, àwọn tó ń tọ́jú kernel ń gbé ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò lò. Ó dùn mí fún wọn gan-an.

Táyé: Ẹ má bínú, mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀ tán. Fóònù tó ń lo MTP (ọ̀nà kan tí fóònù fi ń fún kọ̀ǹpútà ní fáìlì) ń yọ mí lẹ́nu. Láti userspace ni libmtp, àkójọ kóòdù fún MTP, ti ń bá a sọ̀rọ̀, ètò kan ṣoṣo ló sì lè dì í mú. Bí mo bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́, ètò tó ń ṣí fódà á ti gbà á. Èyí tí mo fẹ́ lò gan-an ò ní ráyè. Mass storage ńkọ́? Dráífà usb-storage inú kernel á gbé e kalẹ̀ bíi díìsìkì, ètò tó bá wù mí á ṣí i.

Akin: Àbúrò, wo ìdí rẹ̀. Pẹ̀lú mass storage, fóònù gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ díìsìkì rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, torí bí àwọn méjèèjì bá jọ ń kọ nǹkan sí i, á bàjẹ́ ni. Nínú MTP, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń mú fáìlì jáde fún ẹ. Ṣùgbọ́n FUSE, tó ń jẹ́ kí ètò userspace gbé fáìlì kalẹ̀ bíi díìsìkì fún gbogbo ètò, ti wà nínú kernel láti Linux 2.6.14, ní 2005. Kọ́kọ́ fi àṣẹ gio mount -u gba fóònù náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ètò tó ń ṣí fódà, kó o wá fi jmtpfs, ètò tó ń lo FUSE fún MTP, gbé e.

Táyé: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ó ti gbé e, gbogbo ètò ló ń rí fáìlì báyìí. Fídíò ńlá ṣì ń falẹ̀ o.