Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní Mickey Mantle buwọ́ lù, àti káàdì Akínorí mi

Ìyá Tòmíwá:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa káàdì bésíbọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Florida ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú Bàbá òyìnbó kan nítòsí St. Petersburg. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, mà á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí Rays, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Tampa Bay, bá wà lórí pápá, Bàbá kì í lo oògùn alẹ́ wọn àfi ìgbà tí àwọn tó ń gbá àti àwọn tó ń mú bá ń pààrọ̀ ipò. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń ka áòtù: ẹnì kan ti kúrò, ó di méjì, ó di mẹ́ta, ó yá, Bàbá, ẹ lanu.

Lọ́jọ́ kan wọ́n fa káàdì kan yọ, mo sì rí orúkọ tó wà lára rẹ̀: Akinori Iwamura. Mo pariwo. Mo ní, "Bàbá, ọmọ wa nìyí! Akínorí!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní ará Japan ni, pé ọdún 2007 ló dé Tampa Bay. Wọ́n ní lọ́dún 2008, nígbà tí Rays na Boston nínú ìdíje keje tí wọ́n fi wọ World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún, fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló mú bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, tó sì fẹsẹ̀ tẹ béèsì kejì, eré bá parí. Mo ní ìyẹn gan-an ló fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni. Láti ọjọ́ náà, "àbúrò rẹ" ni Bàbá ń pè é fún mi. Akínorí fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lu káàdì náà lójú Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wáyà níbi tí wọ́n ti ń gbára dì nínú oṣù kẹta, ṣùgbọ́n yíǹkì rẹ̀ fà, àfi bíi pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò nù ún.

Bàbá ti lọ báyìí. Lóṣù tó kọjá ni àwọn ọmọ wọn pè mí, wọ́n gbé páálí bàtà kan fún mi. Bàbá ti kọ orúkọ mi sí ìdérí rẹ̀. Káàdì inú rẹ̀ á tó ẹgbẹ̀rin. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní etí tó dà bíi pákó, 1987 ló sì wà lẹ́yìn wọn. Bọ́ọ̀lù kan tún wà níbẹ̀ nínú àpótí ike tó mọ́ gaara. "Mickey Mantle", gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Yankees àtijọ́ yẹn, ni wọ́n kọ sára rẹ̀, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí olóǹtẹ̀ wúrà láti ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti rà á.

Tòmíwá ló kó ìpayà bá mi. Ó wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní wọ́n ta káàdì Mantle kan ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là lọ́dún 2022. Láti ìgbà náà ni n ò ti sùn dáadáa mọ́. Inú ìkòkò ńlá kan tí n kì í lò ni mo gbé bọ́ọ̀lù náà pamọ́ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni bọ́ọ̀lù yìí? Ṣé kí n tà á? Àwọn káàdì 1987 ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú Akínorí kó má baà parẹ́ mọ́ mi lójú?

Àjàní Bronx:

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ara-fẹ́-ra-kù Bàbá.

Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Káàdì ni ọmọ yín rí, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ti ilé-iṣẹ́ Topps tó ń tẹ káàdì ni, ọdún 1952, nọ́ńbà 311, èyí tí wọ́n sì tà ní gbàǹjo yẹn gba máàkì 9.5 nínú 10 torí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lábùkù kankan. Ẹ mọ ohun tó jẹ́ kó wọ́n? Oríṣi káàdì 407 ni Topps tẹ̀ lọ́dún náà. Ìpín tó kẹ́yìn nínú wọn, tí Mantle wà níbẹ̀, pẹ́ kó tó jáde, ọkàn àwọn ọmọdé ti kúrò lórí bésíbọ́ọ̀lù nígbà náà. Kò tà. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí títí di 1960, kí Sy Berger, ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ káàdì náà gan-an, tó kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, tó sì lọ dà wọ́n sínú òkun Atlantic. Tí mo bá ti rántí ọkọ̀ yẹn, inú mi kì í dùn lọ́jọ́ náà.

Ó ku bọ́ọ̀lù. Ẹ má fọwọ́ kan ojú ibi tí wọ́n kọ orúkọ Mantle sí. Ẹ rọra yí i. Ẹ ó rí ibì kan tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀lù náà ti tẹ orúkọ ẹnì kan sí bí ẹni buwọ́ lù ú, oyè rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ta ni?

Ìyá Tòmíwá:

Àfìgbà tí mo wọ awò kí n tó rí i. Allan H. Selig. Commissioner ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Àjàní Bronx:

Kò dáa, Mà. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Títí di 1999, líìgì kọ̀ọ̀kan ló ní ààrẹ tirẹ̀, orúkọ ààrẹ yẹn ló sì máa ń wà lára bọ́ọ̀lù wọn. Ní American League tí Mantle ti gbá bọ́ọ̀lù, Lee MacPhail ló wà níbẹ̀ títí di 1983, Bobby Brown tẹ̀ lé e (kì í ṣe olórin o, ẹni tèmi yìí gbá bọ́ọ̀lù fún Yankees kó tó lọ di dókítà ọkàn), Gene Budig ló wá kẹ́yìn. Ọdún 2000 ni líìgì méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í lo bọ́ọ̀lù kan náà, tí orúkọ Selig, olórí gbogbo líìgì nígbà náà, sì wà lára rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1995 ni Mantle kú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ pé ọ̀run ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù náà lọ bá a.

Ìwé-ẹ̀rí yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti òǹtẹ̀ wúrà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, FBI mú ẹgbẹ́ oníjìbìtì kan tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Operation Bullpen ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ojúkòkòrò wọn pọ̀ débi pé wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù tí Mother Teresa "buwọ́ lù". Mother Teresa! Lẹ́yìn ìyẹn, láti 2001, MLB, àjọ tó ń darí líìgì méjèèjì, fúnra rẹ̀ ń gbé ẹlẹ́rìí sí pápá, ọlọ́pàá àti ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n bá fojú ara wọn rí nìkan ni wọ́n ń lẹ bébà tó ń kọ mànà mọ́, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀ tí ẹ lè fi wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá sí ìyẹn, àfi tí ẹ bá fojú ara yín rí ẹni náà nígbà tó ń kọ ọ́.

Kòbọ̀-kòbọ̀:

Ẹ̀yin náà ẹ ti ń ṣe bí òyìnbó jù. Ẹ gbé e sórí ayélujára pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá rà á, ojú ẹ̀ ló fi rà á.

Àjàní Bronx:

Ohun tí wọ́n ṣe fún Bàbá gan-an nìyẹn. A ò ní bá yín dá sí irú rẹ̀ níbí.

Adùnní Mesa:

Ẹ káàsán, Mà. Ẹ fi Kòbọ̀-kòbọ̀ sílẹ̀, kò tíì ra ayédèrú rí ni.

Àwọn onípákó yẹn, Topps 1987 ni. 792 ni oríṣi tó wà níbẹ̀. Nígbà náà gbogbo ayé ti gbọ́ pé káàdì àtijọ́ ń mówó wá, ni gbogbo ayé bá ń rà á, kò sẹ́ni tó ń jù ú nù. Ilé-iṣẹ́ náà sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń tẹ ìwé ìròyìn. Ìdí nìyí tó fi kún ìyàrá òkè ilé gbogbo ará Amẹ́ríkà títí dòní. Tí ẹ bá kó ẹgbẹ̀rin lọ sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, ó lè bẹ̀ yín pé kí ẹ kó wọn padà sílé. Ẹ kàn yọ mẹ́ta sọ́tọ̀: Barry Bonds, nọ́ńbà 320, Mark McGwire, 366, Bo Jackson, 170. Ẹ wo igun wọn, ẹ sì wo ẹ̀yìn wọn. Ṣingọ́ọ̀mù wà nínú páàkì nígbà yẹn, káàdì tó bá fara kàn án máa ń ní àbàwọ́n. Ẹ má kó wọn ránṣẹ́ sí PSA, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, kí wọ́n fún wọn ní máàkì o. Owó iṣẹ́ wọn á ju owó káàdì lọ, àfi tó bá jẹ́ aláìlábùkù pátápátá, ti inú páálí bàtà kì í sì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Akínorí ni ká sọ ná, nítorí òun gan-an ni ẹrù tó wà nínú páálí yẹn. Ìdí tí yíǹkì fi fà ni pé ojú káàdì náà ń dán, yíǹkì kì í tètè gbẹ lórí ohun tó ń dán. Àwa tí a ń lọ dúró sí ìdí wáyà níbí, a máa ń fi rọ́bà ìpàwérẹ́ tó rọ̀ ra ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nílé kó tó di pé a gbé e jáde. Lẹ́yìn tó bá ti buwọ́ lù ú, a ó gbé e lọ́wọ́ bí ẹyin títí á fi gbẹ. (Máákà Sharpie fún káàdì, báírò aláwọ̀ búlúù fún bọ́ọ̀lù. Sharpie máa ń tàn kálẹ̀ lára awọ bọ́ọ̀lù. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lára bọ́ọ̀lù kan tí n kò ní gbàgbé láéláé.) Èyí tó ti fà ti fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kálàmù tọ̀ ọ́! Ẹ gbé e sínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún káàdì, kí ẹ tó kì í bọ inú ike tó le. Ẹ yẹra fún ike tí wọ́n ń fi ìdè onísíkúrù há, ó máa ń tẹ káàdì pa. Oòrùn kò gbọdọ̀ rí i rárá, torí òun ló ń jẹ yíǹkì.

Tí ọmọ yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kó kọ lẹ́tà sí agbábọ́ọ̀lù ní pápá ìgbáradì wọn láàárín oṣù kejì sí ìkẹta. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kó fi káàdì kan sí i, àti àpò lẹ́tà tó ti lẹ sítáńbù mọ́, tó ti kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí. Ogójì ni mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlá ló padà wá. Ọ̀kan padà wá láìsí ìbuwọ́lù, káàdì mìíràn tí kì í ṣe tèmi ló wà nínú rẹ̀. Títí dòní mi ò mọ ẹni tó ni ín.

Ìyá Tòmíwá:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Inú bí mi fún ọjọ́ méjì, kì í ṣe torí owó. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń fi aṣọ nu àpótí bọ́ọ̀lù yẹn. Ìgbà tí Mantle ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n wà lọ́mọdé. Ó tù mí nínú pé wọn ò mọ̀.

Mo rí Bonds méjì. Ṣingọ́ọ̀mù ti jẹ ẹ̀yìn ọ̀kan. McGwire kò sí. Bo Jackson wà, igun rẹ̀ ti rọ̀ bí etí ajá.

Ohun tó mú mi padà wá rèé. Nígbà tí mo yọ Akínorí kúrò nínú ike àtijọ́ láti kì í bọ ọ̀rá, mo rí i pé Bàbá ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn. Wọ́n kọ ọjọ́ tí mo pariwo, wọ́n sì kọ ọ́ pé àbúrò nọ́ọ̀sì òun ni. Mo fẹ́ gbé e sórí tábìlì báyìí, níbi tí oòrùn ò dé. Ojú wo ni kí n kọ síta, iwájú tàbí ẹ̀yìn?

Adùnní Mesa:

Ike náà mọ́ gaara níhà méjèèjì, Mà. Ẹ máa yí i.

Àjàní Bronx:

Bọ́ọ̀lù ńkọ́?

Ìyá Tòmíwá:

Ó ti kúrò nínú ìkòkò. Tòmíwá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń jù ú sí ara wọn lẹ́yìn ilé. Ajá aládùúgbò ti gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ibi tí wọ́n kọ Mantle sí gan-an ló fi eyín bà.