Géèmù tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ dáwó rà ní 1998: kí ni kí n sọ fún un báyìí?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti lé lógójì ọdún, mo níyàwó, mo bímọ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ géèmù ni mo sì gbé wá síbí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi ní kí n wá palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Ìgbógbó, Ìkòròdú, torí wọ́n fẹ́ gba ayálégbé síbẹ̀. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú àpò ìrẹsì tí eku ti jẹ létí, ni mo ti bá Sega Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù tí à ń so mọ́ tẹlifíṣàn, tí mo fi lo ìgbà èwe mi. Páàdì méjì, kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ẹnì kan ti fi ìṣó họ lẹ́tà K sẹ́yìn páàdì kejì. K yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀rẹ́ mi yìí ní Kúnlé. Ògiri kan ló là wá láàárín. Họ́lidé gígùn 1998 la ra géèmù náà, lẹ́yìn tí Denmark fi 4–1 lé Super Eagles wálé láti Faransé. PlayStation ti ń wọlé nígbà yẹn, àwọn tó ní ilé géèmù ní Sábó sì ń ta Sega wọn lówó pọ́ọ́kú kí wọ́n lè ra tuntun. Ẹnì kan ní ₦3,200 lòun máa gbà. Mo kiri omi tútù títí mo fi rí ₦1,400 kó jọ. Kúnlé ń bá àwọn ẹlẹ́ja ru agbọ̀n létí omi Ìpakodò láràárọ̀, ₦1,800 lòun mú wá. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn o. Owó tirẹ̀ ju tèmi lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a láyé á mọ̀ pé Sonic àkọ́kọ́, géèmù ẹranko asáré tó jáde ní 1991, kò ní bí èèyàn ṣe lè tọ́jú ibi tó dé. Tó o bá ti bẹ̀rẹ̀, àfi kó o parí rẹ̀ lórí ìjókòó kan náà. Bí iná bá lọ, ó parí nìyẹn, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la dé iwájú ọ̀gá ìkẹyìn tí iná lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, Kúnlé jókòó sínú òkùnkùn, kò gbé páàdì sílẹ̀, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tó wà lábẹ́ omi ló máa ń já wa láyà jù. Sonic ò mọ̀wẹ̀. Bí èémí rẹ̀ bá fẹ́ tán, orin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, nọ́ńbà á máa ka 5, 4, 3 lórí rẹ̀. Ọmọ etí ọ̀sà ni wá, a máa ń bú u pé ẹranko wo nìyí tí kò lè lúwẹ̀ẹ́, síbẹ̀ èmi tí mo jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀ á di èémí mi mú títí yóò fi rí afẹ́fẹ́ mu.

Ṣùgbọ́n Streets of Rage 2 ló sọ wá di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Èèyàn méjì á jọ máa ko àwọn jàgùdà ìgboro lójú. Èmi ni Axel, òun ni Max, géńdé oníjàkadì. Bí a bá fọ́ àpótí tí adìẹ sísun bá jáde, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ti fẹ́ pin ló yẹ kó jẹ ẹ́, torí yóò kún padà. Àìmọye ìgbà ni mo jẹ adìẹ yẹn mọ́ Kúnlé lójú tí ara mi sì le koko! Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀rẹ́ sì máa ń ba ọ̀rẹ́ nínú géèmù yẹn, nítorí náà òun náà mọ bó ṣe ń gbẹ̀san. Màmá mi á máa pariwo láti ilé ìdáná pé a máa ba ojú tẹlifíṣàn jẹ́.

Àdéhùn wa ni pé kó wà lọ́dọ̀ mi lóṣù kan, kó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣù kejì. Nígbà tí 1998 ń parí lọ, onílé lé wọn, wọ́n kó lọ sí Badagry. Oṣù tèmi ló bọ́ sí. Lọ́jọ́ kan ní 1999, mò ń fi géèmù náà ṣeré lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọkọ̀ láti Badagry dé Mile 2, láti Mile 2 dé Mile 12, kó tó wá wọ ti Ìkòròdú, òun nìkan, ọmọdé bíi tèmi. Mo pa géèmù, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣílẹ̀kùn. Ó ní oṣù òun ti pé. Mo ní, “Ó ti bàjẹ́. A ti sọ ọ́ nù.” Ó mu omi, ó ní kò burú, ó padà.

Mo gbé e délé mi ní Sátidé, mo tàn án, kò tàn. Irọ́ mi ti dòótọ́.

Nọ́ńbà Kúnlé wà lórí WhatsApp àwọn tá a jọ jáde ní pírámárì. Ìyàwó mi ní kí n fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí i, kí n sì panu mọ́. Àbúrò mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i? Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kó gbà mí o.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ẹ fún un lóúnjẹ kó tó lọ?

Oníbèérè: Rárá, mà. Omi nìkan.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ọmọ ọlọ́mọ, láti Badagry! Ẹ pè é. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ o, ẹ pè é kó gbọ́ ohùn yín.

Ọmọ Ọ̀sà: Nítorí Sega? Mo fi àwòrán rẹ̀ han ọmọ mi, ó bi mí bóyá nǹkan tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ni 😂 Ẹ tà á jàre, kẹ́ ẹ fowó rẹ̀ repo sí jẹnẹrétọ̀.

Alátùn-únṣe Sábó: Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀gá, ṣájà wo lẹ fi tàn án? Ṣé èyí tí wọ́n kọ 16-BIT sí láyà ni, tó ní ojú ihò tí wọ́n ń ki gbohùngbohùn etí bọ̀ níwájú?

Oníbèérè: Òun gan-an. Ṣájà rẹ̀ ti sọnù, ti WiFi ilé ni mo kì bọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ̀ wọlé dáadáa.

Alátùn-únṣe Sábó: Mo mọ̀! Kì í ṣe kí ẹnu wọlé o. Sega irú èyí, 9V sí 10V DC ló ń jẹ, 0.85A, inú ẹnu ṣájà rẹ̀ ló sì jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ara rẹ̀ lóde ni pọ́sítíìfù. Ti WiFi àti ọ̀pọ̀ ṣájà òde òní, òdìkejì ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ 12V. Ẹ wo àwòrán róbótó kékeré tó wà lára ṣájà, ó ń fi hàn yín ibi tí àmì ìyọkúrò wà. Ó lè jẹ́ pé géèmù yín ò ní nǹkan kan, iná tẹ́ ẹ fún un ló gbòdì. Ẹ má tún kì í bọ̀ ọ́ mọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ra tòkúnbọ̀ tó ti Japan wá, 100V ni ṣájà tiwọn ń jẹ, tiwa níbí 230V. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti ń rùn. Mo ti pa mẹ́ta kí n tó gbọ́n.

Kí n má gbàgbé: ẹ má fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa la ṣe é. Yíyọ tá à ń yọ ọ́ tá à ń tún un kì bọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kì í ṣe èémí wa. Itọ́ yẹn ló ń mú irin rẹ̀ dípẹtà. Ẹ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe ra ọtí tí wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fi òwú nù ún.

Àǹtí Blaze: Àwa obìnrin náà fi géèmù ṣeré o, ẹ má sọ ọ́ bíi pé ọkùnrin nìkan ló láyé. Ilé géèmù kan wà ní Àgírìkì, tí mo bá dé wọ́n á ní ọmọbìnrin kì í jókòó síbí. Ọjọ́ tí mo fi bírò kọ ABACABB, bọ́tìnnì páàdì tí à ń tẹ̀ tẹ̀ léra, sí àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n tó ṣí bẹ́ǹṣì fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi Mortal Kombat, géèmù ìjà, ṣeré lórí Sega mọ̀ ọ́n: tẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọlá àwọn oníjà bá hàn, ẹ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ kankan, òógùn lásán ni wọ́n á máa ta sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ní gbogbo àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ yín: ẹ má fi owó ránṣẹ́. Owó tí kò ní àlàyé, yóò rò pé ẹ fẹ́ wá yáwó ńlá lọ́wọ́ òun lọ́la ni. Adìẹ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún.

Alfa: Àmánà ni, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ yín. Ẹni tó mú ₦1,800 wá ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà fún un.

Ará Èpè: Wọ́n ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yá mẹ́mọ́rì káàdì PlayStation 2 mi, 8MB péré, gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mo fi oṣù mẹ́rin kó jọ ló wà nínú rẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó ní bó ṣe rí i nìyẹn. A ṣì jọ ń kí ara wa ní mọ́sálásí. N kò fẹ́ káàdì mọ́, kó ṣáà sọ pé òun lòun ṣe é.

Màmá Táyọ̀: Bàbá Táyọ̀, ṣé èmi ìyàwó yín lẹ wá ròyìn fáráyé níbí? Mo rí yín o.

Ọmọ Ọ̀sà: Ó ti dé 😂😂😂

Oníbèérè: Ẹ máa bínú pé ó pẹ́. Mo pè é lálẹ́ àná. Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé, n ò kà á dé ìdajì. Mo kàn ní, “Kúnlé, Sega yẹn, kò bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn.” Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó wá ní, “Mo mọ̀. Mo ti gbọ́ orin rẹ̀ lójú wíńdò kí n tó kanlẹ̀kùn.” Ó ní òun tiẹ̀ dúró síbi kànga fúngbà díẹ̀, òun ń gbọ́ ọ, òun mọ ibi tí mo bá géèmù náà dé.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá ẹ wà ńlé. Wọn ì bá nà ẹ́.”

N ò rí nǹkan sọ fún ìgbà pípẹ́. Òun ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin á tẹ̀ lé e. Ó ní páàdì tó ní K lòun máa lò.

Alátùn-únṣe Sábó: Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kó tó di Fráìdè. Owó ṣájà nìkan ni mo máa gbà. Tẹlifíṣàn ńkọ́? Ti pẹlẹbẹ yín, ẹ wò ó bóyá ó ní ihò AV aláwọ̀ ìyeyè. Bí kò bá sí, mo ní ọ̀kan onídìí ńlá tí mo lè yá yín, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa rù ú.

Ìyá Ìbejì: Kí lẹ máa sè fún un lọ́tẹ̀ yìí?

Oníbèérè: Adìẹ, mà. Odidi.

Màmá Táyọ̀: Ta ló máa sè é?