Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń parí àyọkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Ìyá Tọ́pẹ́, Sùúrùlérè:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ ìdánwò IELTS yìí ti kó ìrònú bá mi débi pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ìpele 7 nínú 9 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo fẹ́ lọ ní Kánádà ní kí n gbà ní apá ìwé kíkà, ṣùgbọ́n 5 ni èsì mi gbé wá, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń kọ gbogbo lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀gá mi ní Màrínà. Ọkọ mi ń ráhùn owó. Èyí tí ó dùn mí jù ni alábòójútó ibi tí a ti ṣe ìdánwò náà: bí àkókò ti pé ni ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn. Orí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì BRT ni mo ti ń kàwé lójoojúmọ́, nítorí pé bí a bá ti há sórí afárá Third Mainland, kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe. Mo máa ń ka àyọkà kọ̀ọ̀kan tán pátápátá kí n tó wo ìbéèrè rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọgbọ́n wo ni ẹ̀yin ń dá tí àkókò fi ń tó yín?

Bọ̀dá Agége:
Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ fi ọ̀rọ̀ alábòójútó sílẹ̀ ná, bí ẹ ṣe ń kàwé ni kí á gbé yẹ̀ wò. Àyọkà mẹ́ta ni, ìbéèrè 40, ìṣẹ́jú 60 péré, àyọkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè ní tó 2,750 ọ̀rọ̀. Ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ fa ìlà sí abẹ́ orúkọ àti ọdún tí ó bá wà níbẹ̀, kí ẹ wá fi ojú wá wọn nínú àyọkà. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, mo sì gba 7.5.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ, ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè. Ohun tí ó ń ṣe èmi nígbà tí mo ń gbára dì yàtọ̀ díẹ̀: wọn a ní kí ìdáhùn má ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, èmi a kọ mẹ́ta, nítorí pé mo fi “the” kún un. Máàkì ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bákan náà ni bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú àyọkà gan-an ni ènìyàn ti ń wo ọ̀rọ̀ náà kọ.

Olùkọ́, Yábàá:
Bọ̀dá Agége, n kò fara mọ́ ọn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fi ń ka gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí a yan àkọlé fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ àti ọdún kò lè ranni lọ́wọ́. Kókó ìpínrọ̀ náà ni wọ́n ń bèèrè. Ìdáhùn “True, False, Not Given” (òótọ́, irọ́, àyọkà kò sọ ọ́) máa ń tẹ̀lé bí àyọkà ṣe lọ, nítorí náà bí ẹ bá ti rí ti ìbéèrè kejì, ẹ má padà sókè láti wá ti ìkẹta. Èyí tí ó ní kí ẹ wá ìpínrọ̀ tí àlàyé kan wà kì í tẹ̀ lé bí àyọkà ṣe lọ, òun ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn.

“Not Given” ni ó ń kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi sí wàhálà, nítorí pé ìmọ̀ ti ara wọn ni wọ́n fi ń dáhùn. Ká ní àyọkà sọ pé ọdún 1990 ni wọ́n ṣí afárá Third Mainland. Bí ìbéèrè bá ní 1985 ni, “False” ni, torí pé àyọkà ta kò ó. Bí ó bá ní afárá náà dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kù, “Not Given” ni, ìbáà jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹ ń gba orí rẹ̀ kọjá tí ẹ sì mọ bí ó ṣe rí, nítorí pé àyọkà kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Bọ̀dá Agége:
Ọ̀gá Olùkọ́, ẹni tí àkókò kò tó fún ni ẹ ń kó òfin lé lórí yìí. Kò sí irú èyí tí kò yẹ kí á kọ́kọ́ ka ìbéèrè rẹ̀.

Ìyá Tọ́pẹ́:
Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé bí mo ṣe ń kàwé ni ó fà á, nítorí mo dé ìbéèrè 36 kí àkókò tó pé. Mo ti kọ gbogbo ìdáhùn mi sínú ìwé ìbéèrè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mo wá ń retí ìṣẹ́jú mẹ́wàá irú èyí tí wọ́n fún wa nígbà ìdánwò gbígbọ́, kí n fi dà á kọ. Ti àyọkà àkọ́kọ́ àti díẹ̀ nínú ti ìkejì nìkan ni ó wà lórí ìwé ìdáhùn tí ọkùnrin yẹn fi gbà á. Ṣé kì í ṣe ìwà ìkà nìyẹn?

Olùkọ́, Yábàá:
Ìyá Tọ́pẹ́, kí ló dé tí ẹ kò fi èyí ṣáájú? Ìdánwò gbígbọ́ tí a fi bébà ṣe ni ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Ìwé kíkà kò ní in; inú ìṣẹ́jú 60 náà ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti dé orí ìwé ìdáhùn, wọn kì í sì í máàkì ohun tí ó wà nínú ìwé ìbéèrè. Ohun tí òfin sọ ni alábòójútó yẹn ṣe. Nínú ìbéèrè 40, gbígba nǹkan bí 15 ni ó ń fúnni ní ìpele 5, 23 ní 6, 30 ní 7. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò tó 20 lórí ìwé kò lè dé 7, bó ti wù kí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn, orí ìwé ìdáhùn ni kí ẹ kọ ọ́ sí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì fi àlàfo kankan sílẹ̀, nítorí wọn kì í yọ máàkì fún èyí tí kò tọ̀nà.

Ìyá Tọ́pẹ́:
Àbúrò ọkọ mi ni ó sọ pé wọ́n máa ń fún ènìyàn láyè láti dà á kọ, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa bá ẹni tí ó ti ṣe é jiyàn. Bí mo bá yan ti kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ti kọ̀ǹpútà ni mo ṣe. Àyọkà wà lápá òsì, ìbéèrè lápá ọ̀tún, ibi tí ẹ bá tẹ ìdáhùn sí náà ni wọ́n ti ń máàkì rẹ̀. Ẹ lè kun gbólóhùn tí ẹ bá fẹ́ padà sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fóònù inú BRT nìkan gbára dì mọ́. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ aago, kí ẹ sì fi àkókò tí ó pọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún àyọkà kẹta, òun ni ó sábà máa ń le jù.

Ìyá Tọ́pẹ́:
N ó forúkọ sílẹ̀ fún ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n n ó ṣì máa ka àyọkà kọjá lẹ́ẹ̀kan kí n tó wo ìbéèrè, Bọ̀dá Agége, ẹ má bínú. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí n kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Agége:
Ó dáa, ẹ kà á kọjá, ṣùgbọ́n kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.