Láti Ìgèdè dé Ẹ̀pẹ́: kí ni ojú yín ti rí létí odò Ọ̀ṣun?

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo fẹ́ kí àwa tí a jọ ń mu odò kan náà bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo àti Ẹdẹ, ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n sé e ní Asẹ́jìrẹ́ kí Ìbàdàn lè rí omi mu, èyí tó kù gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ, ó sì já sínú ọ̀sà ní Lẹ́kkí. Síbẹ̀, n kò tíì rí ibi tí ará òkè odò àti ará ìsàlẹ̀ odò ti sọ ohun tí wọ́n ń rí fún ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ omi ìjọba máa ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wa. Tó bá yọ lẹ́yìn òjò ńlá, ó máa ń pọ́n bí omi àgbo. A ó gbé e kalẹ̀ mọ́jú kó tòrò, ẹrẹ̀ á sì sùn sí ìdí ike. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ á dákẹ́ pátápátá. Ẹni tó lówó á gbẹ́ bọ́hóòlù, ẹni tí kò ní á to kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Òjò náà ti yí ìwà padà. Àkọ́rọ̀ á rọ̀, àgbẹ̀ á gbin àgbàdo, òjò á sá lọ, àgbàdo á jóná. Ìgbà tó bá máa padà dé, ó lè da ohun tó yẹ kó rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sílẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Títì á di odò, bó bá sì di ọjọ́ kejì, kò sí omi láti fi fọ abọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ fojú ara yín rí ni kí ẹ sọ, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́.

Ọmọ Olóko Kòkó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìjẹ̀ṣà ni mí. Oko kòkó ni bàbá wa fi tọ́ wa, odò kékeré kan sì wà nídìí oko náà tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Inú rẹ̀ la ti ń bu omi mu tí a bá dé oko. Ibẹ̀ ni màmá wa ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, àwa ọmọdé á máa ṣí òkúta wá akàn. Kódà nínú ọyẹ́, tí gbogbo koríko bá ti gbẹ, odò yẹn kì í gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń wa wúrà dé. Ẹ má rò pé ipá ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n wá bá onílẹ̀ dúnàádúrà ni, owó tí wọ́n sì mú wá kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí kòkó rẹ̀ ń dúdú tó ń rà lórí igi. Ẹ rántí pé òjò ti dà rú: ó ń rọ̀ láìdá nígbà tí a fẹ́ sá kòkó, ó sì ń sá nígbà tí igi kéékèèké ń wá omi. Ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, tí kòkó sì já a kulẹ̀, mi ò lè bú u pé ó gba owó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gé igi etí odò, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n á fi kan òkúta wẹ́wẹ́ tí wúrà wà láàárín rẹ̀, wọ́n á fi pọ́ǹpù fa omi odò fọ̀ ọ́, gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ á padà sínú odò. Àwọn mìíràn máa ń da mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, sí i kó lè so mọ́ wúrà tó kúnná. Wọ́n á wá yáná sí i, mẹ́kúrì á di èéfín lọ, wúrà á ṣẹ́kù. Ẹni tó ń yáná ń fà á símú, èyí tó bá sì dà sílẹ̀ ń bá àgbàrá lọ.

Nígbà tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Kòtò wọn ṣì wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ti kú sínú rẹ̀, ẹ̀fọn ń pamọ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni odò náà. Tẹ́lẹ̀, omi òjò máa ń gba abẹ́ ewé àti gbòǹgbò kọjá díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á mu ú, á wá máa tú u sílẹ̀ fún odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní báyìí tí igi ti lọ, òjò kan ṣoṣo á gbá ilẹ̀ lọ, iyanrìn á dí ojú odò, tó bá sì di oṣù kejì ọdún, odò tí kì í gbẹ ti gbẹ. Ìwakùsà àti òjò òde òní yìí ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti pa wá ni.

Èmi àti àwọn ọmọ ìyá mi ti gbin ọparun sí etí odò níbi tí ilẹ̀ tiwa dé. Ilẹ̀ kò ya mọ́ níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣì ń gbẹ́ lókè wa, ẹrẹ̀ wọn ń gba ẹsẹ̀ ọparun wa kọjá lójoojúmọ́.

Àdùkẹ́ Òṣogbo

Ọmọ olóko kòkó, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ wá sọ ibi tí ohun tí à ń rí níbí ti ń wá.

Ìran ìyá mi ni ìran Ọ̀ṣun. Gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ ìtàn Láróòyè àti Olútìmẹ̀hìn, àwọn tó tẹ ìlú wa dó: wọ́n gé igi, igi wó lu odò, ohùn kan sì ké jáde láti inú omi pé, "Ẹ̀yin òṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Láti orí igi tí wọ́n gé lulẹ̀ létí odò ni àdéhùn ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun, a kì í gé igi, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO sì fi í sára ogún àgbáyé ní 2005. Tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria) àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò bá dúró gbọn-in, ilé ni ì bá kún ibẹ̀ báyìí.

A pa àdéhùn mọ́. Odò náà wá ń dé bá wa pẹ̀lú ẹrẹ̀ tí kì í ṣe tiwa. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà. Mo wà létí odò ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Àwọn ìyá àgbà ṣì ń bu ú sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń fi bọ́jú, wọ́n ń súre fún ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an. Ìgbàgbọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló pa igbó náà mọ́ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà.

Ní ilé wa, ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé omi Ọ̀ṣun ń lọ sínú ìkòkò ojúbọ, omi mìíràn là ń fún ọmọ mu. Màmá mi sunkún kó tó gbà.

Lójú tèmi, igbó kan láàárín odò kò lè gba gbogbo odò là. Ó yẹ kí òfin etí odò tó wà ní Òṣogbo wà láti Ìgèdè wá: ẹ má gé igi, ẹ má gbẹ́ ilẹ̀, kí ìjọba sì fún àgbẹ̀ tó bá pa igi rẹ̀ mọ́ ní owó tó ṣe é jẹun, nítorí ẹni tó mú owó wá náà ló ń rí ilẹ̀ gbà.

Ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire ní Bàhíà

Ẹ kú o. Salvador ni mo ń gbé, ní Brazil. Àwọn ìyá tó ń bọ Ọ̀ṣun níbí ti bi mí léèrè rí bóyá òótọ́ ni pé odò ìyá wọn ti dọ̀tí. Kò rọrùn láti dáhùn. Nínú ilé kan tí mo mọ̀, wọn kì í gbé ike, ìgò tàbí ọ̀rá wọ odò mọ́. Orí ewé ni wọ́n ń gbé ọrẹ lé, ìyókù á padà sílé. Ǹjẹ́ a lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo lọ́jọ́ ọdún, Àǹtí Àdùkẹ́?

Àdùkẹ́ Òṣogbo

A lè ṣe é. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ń ṣẹ́kù sétí odò lọ́jọ́ náà ń tì mí lójú. Màá bá àwọn olórí wa sọ ọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, ẹja ni mò ń tà, lọ́jà Olúwo. Ìdí odò ni tiwa, gbogbo ohun tí ẹ bá jù sílẹ̀ lókè, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Oníbàárà ti ń bi mí bóyá ẹja wa ní májèlé. Mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, torí kò sẹ́ni tó wá yẹ ẹja wa wò lójú mi. Ọmọ mi tó kàwé ṣàlàyé fún mi pé mẹ́kúrì tó bá wọ odò, kòkòrò inú ẹrẹ̀ máa ń yí i padà, ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, á wá máa kó jọ sínú ẹran ara ẹja ńlá. Ó ní ìlú kan wà ní Japan tó ń jẹ́ Minamata, ilé iṣẹ́ kan da mẹ́kúrì sínú omi wọn, àwọn tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn kò lè rìn dáadáa mọ́, wọ́n ń bí ọmọ tó ní àbùkù. Ní 1956 ni àwọn dókítà kéde àìsàn náà. Orí mi wú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá yẹ ẹja wò. Tó bá mọ́, kí wọ́n sọ fún aráyé kí ọjà wa má bà jẹ́. Tí kò bá mọ́, kí wọ́n sọ fún wa kíákíá, nítorí àwọn aláboyún ń jẹ ẹ́. Àwa ìyálọ́jà kò sá fún òtítọ́.

Òṣìṣẹ́ Omi Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Màmá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín ló mú mi dáhùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ omi odò kó tó dé ẹ̀rọ. Álọ́ọ̀mù la fi ń mú kí ẹrẹ̀ dì pọ̀ kó sì rì, a ó wá gba omi náà kọjá nínú iyanrìn, a ó fi kílórìn sí i. Tí ẹrẹ̀ bá pọ̀, álọ́ọ̀mù á pọ̀, iyanrìn á tètè dí, a ó máa dá iṣẹ́ dúró láti fọ̀ ọ́, omi tó ń jáde á dín kù. Ohun tí Ọmọ Ìbàdàn ń rí nínú ike rẹ̀ nìyẹn. Igi tí wọ́n gé ní Ìjẹ̀ṣà ń fi kún owó omi Ìbàdàn.

Ẹni tó bá rò pé òjò kò yí padà, kó wo bó ṣe ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná sí i ní 1°C lè gbé omi tó fi nǹkan bíi 7% pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà tó bá máa tú u sílẹ̀, ó máa ń tú u gan-an. Ojú mi rí ìkún omi odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹjọ 1980, tó pa èèyàn tó lé ní 200. Mo tún rí ti 26 oṣù kẹjọ 2011, nígbà tí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, ní Ìbàdàn náà, kún àkúnya, tó pa èèyàn tó lé ní 100. Ní ìgbà méjèèjì, ilé wà lójú ọ̀nà omi, pàǹtírí sì wà lábẹ́ afárá. Òjò tó ń le sí i yìí kò ní fojú àánú wo irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Nípa ohun tí ẹ lè ṣe nílé: álọ́ọ̀mù ń mú omi tòrò, kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn. Síse ń pa kòkòrò: kí omi hó yaaya fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n síse kì í yọ mẹ́kúrì tàbí òjé, nítorí náà ẹni tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ń wa wúrà kò gbọ́dọ̀ fi síse tan ara rẹ̀. Tí ẹ bá gbẹ́ kànga, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí sálángá tó mítà 30. Tí àgbàrá bá wọ kànga, ẹ má mu ún títí tí wọ́n á fi fa omi rẹ̀ dà nù, tí wọ́n á sì fi kílórìn sí i.

Ọmọ Olóko Kòkó

Bàbá, mo fẹ́ gbé omi odò wa lọ fún àyẹ̀wò. Ṣé ìgò èyíkéyìí ló ṣe é lò?

Òṣìṣẹ́ Omi Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Rárá o. Fún mẹ́kúrì, ọwọ́ àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ni kó o ti gba ìgò, wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀. Yàrá àyẹ̀wò yunifásítì ni kó o kọ́kọ́ béèrè. Kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó o ti bu ú. Bu ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó o bu òmíràn lẹ́yìn òjò ńlá. Omi ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó.

Ọmọ Ìbàdàn

Èmi á bu ti Asẹ́jìrẹ́. Ọmọ olóko kòkó á bu ti Ìjẹ̀ṣà, Àǹtí Àdùkẹ́ á bu ti Òṣogbo, Ìyá Ẹlẹ́ja á bá wa fi ẹja ránṣẹ́. A nílò ẹnì kan ní Ẹdẹ àti ẹnì kan ní Ìgèdè. Ta ló wà níbẹ̀?