Ìkọ́ kọ́ ni aràn yìí fi ń ṣọṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí hookworm (hook ni ìkọ́, worm ni aràn) máa jẹ́ «aràn ìkọ́» nínú ìwé ìléwọ́ ìlera, kí ohun tó ń dá síni lára sì máa jẹ́ «àìtó ẹ̀jẹ̀». Mo gba ti aràn. Ìkọ́ yẹn ni mi ò gbà.

Ta ló ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Bí «aran iko» bá ti jáde láìlámì, ikọ́ tí à ń wú ni òǹkàwé máa kà. Kò sì ní fura, torí pé ọmọ aràn náà ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá lóòótọ́: láti inú yẹ̀pẹ̀ tútù tí wọ́n ti yàgbẹ́ sí, á gba awọ ẹsẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, á gòkè wá sí ọ̀fun, a ó gbé e mì, ó di ìfun kékeré.

Ẹnu ló fi ń ṣọṣẹ́. Nínú oríṣi rẹ̀ méjì tó wọ́pọ̀, ti Necator americanus ní abẹ pẹlẹbẹ, ti Ancylostoma duodenale ní eyín. Á ge ara ìfun jẹ, á tu ohun tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì síbẹ̀. Bó bá ṣí lọ síbòmíràn, ojú ibi tó fi sílẹ̀ á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀. «Aràn amùjẹ̀» ni tèmi. Ẹ lè ní eṣúṣú náà ń mùjẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ta ló ń pe eṣúṣú ní aràn? Orúkọ yìí tún yà á sọ́tọ̀ lára aràn gígùn bí ekòló tí àwọn ọmọdé ń yà, èyí tó jẹ́ pé oúnjẹ inú ìfun ló ń jẹ. (Ní Bràsíl, àwọ̀ aláìsàn tó ń pọ́n bí ìyeyè ni wọ́n wò tí wọ́n fi pe àrùn náà ní amarelão. Bí a bá ṣe bíi tiwọn, ibà pọ́njú la máa bá ara wa, ẹ̀dọ̀ sì nìyẹn kàn.)

«Àìtó ẹ̀jẹ̀» kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó kọ́kọ́ ń tán. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ancylostoma kan ń gba nǹkan bí mílílítà 0.2 ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́; 100 wọn gba 20. Irin inú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan tó mílígíráàmù 0.5, ó di 10 lójúmọ́. Ìfun lè gba díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ara ń rí fà nínú oúnjẹ òòjọ́. Necator rọjú díẹ̀, nǹkan bí mílílítà 0.03 ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ ni tirẹ̀. Irin tó wà nípamọ́ lára á kọ́kọ́ gbẹ, kí ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ nìkan, mọ́ọ̀tì tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì ló máa sáré rà, mílíìkì sì ń dènà irin. Nítorí náà «àìtó èròjà irin» ni mo kọ. Ẹ má yọ èròjà o, kí wọ́n má baà rò pé irin alágbẹ̀dẹ ni.

Ti oògùn rọrùn: albendazole, oògùn aràn, mílígíráàmù 400 lẹ́ẹ̀kan, ọmọ oṣù 12 sí 23, 200, aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó ní oṣù 3 àkọ́kọ́. Oògùn irin á máa bá a lọ fún oṣù 3 lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé, wọn kò sì gbọdọ̀ fi tíì gbé e mì.

Ibi tó há mi lọ́nà rèé: oògùn irin ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, kò sì léwu. Èyí tó dúdú, tó ń fà bí ọ̀dà, tó ń rùn gan-an, ẹ̀jẹ̀ ni. «Ìgbẹ́ dúdú» ni ìwé ìléwọ́ yẹn pe méjèèjì. Orúkọ wo lẹ rò pé ó yẹ ìkejì?