Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí owó ìpamọ́, gbèsè àti Universal Credit

Mo ní kí n wá jábọ̀. £17,500 ni owó èmi àti ọkọ mi ní báńkì, ọkọ mi sì jẹ gbèsè credit card £4,000. Mo bi yín bóyá àwọn tó ń san Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba UK ń fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, á yọ gbèsè náà kúrò nínú owó báńkì wa kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀.

Wọn kì í yọ ọ́. Owó tọkọtaya ni wọ́n ń pa pọ̀. Tó bá ti ju £16,000 lọ, kò sí nǹkan kan fún yín. Ìmọ̀ràn tó gbà wá ni pé ká san gbèsè náà tán, torí òfin ò ka gbèsè sísan sí ọgbọ́n àtidín owó kù. A fi ìwé báńkì àti ti káàdì tó ti di òdo ránṣẹ́, wọ́n gbà á. £13,500 ló kù. Wọn ò ka £6,000 àkọ́kọ́; lórí £250 kọ̀ọ̀kan tó lé, tàbí ìdá rẹ̀, wọ́n ń yọ £4.35 kúrò nínú owó ìrànwọ́ náà. Tiwa jẹ́ £130.50 lóṣù. Ó dùn mí, àmọ́ owó ti ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ àjọ ni kò tíì yanjú. £2,500 nínú àkáǹtì mi jẹ́ ti àwọn tá a jọ ń dá a. Mo ti fi ìwé tá a fi ń kọ orúkọ àti iye tí kálukú dá ránṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà pé kì í ṣe tiwa, £87 ni wọ́n á máa yọ. Ẹ ṣeun, pàápàá ẹni tó ní kí n ya owó àjọ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Mo ti yà á.